Ọmọ mélòó ni yóò parí girama ìjọba ní Amẹ́ríkà, láti ẹkùn dé ẹkùn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn òbí, olùkọ́ àti àwọn tó ń wá yunifásítì fún ọmọ ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí léraléra. Mo to ìdáhùn wọn síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Ta gan-an ni wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n bá ní "ó parí girama ìjọba"?

Ọmọ tó kàwé nílé-ìwé tí owó-orí ará ìlú ń gbé dúró, tó dé kíláàsì kejìlá, tó sì gba ojúlówó ìwé-ẹ̀rí ìpínlẹ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n ń kà. Ẹni ọdún 17 tàbí 18 ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní charter wà nínú rẹ̀, torí owó ìjọba ni wọ́n ń ná bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń darí wọn.

Ẹni tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó wá padà lọ ṣe ìdánwò GED, ìyẹn ìdánwò tó ń dípò ìwé-ẹ̀rí girama, kò sí nínú iye yìí. Ọmọ tí wọ́n fún ní ìwé pé ó wá sílé-ìwé dé òpin, àmọ́ tí kò kún ojú ìwọ̀n ìwé-ẹ̀rí, kò sí níbẹ̀ náà. Ilé-ìwé aládàáni ní ìṣirò tirẹ̀: nínú ọmọ 10 tó bá parí girama, nǹkan bí 1 ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn ọmọ tí òbí ń kọ́ nílé kò wọ inú ọ̀kankan.

Ta ló ń ṣe ìṣirò náà?

Àjọ méjì ni orúkọ wọn máa ń jẹ yọ. NCES ni ẹ̀ka tó ń kó ìsirò jọ fún ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. WICHE jẹ́ àjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga, ibùjókòó rẹ̀ wà ní Boulder, ní Colorado. Bó tilẹ̀ jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 àti Washington DC ló ń ṣírò fún.

Èyí tí WICHE gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2024 ni mo fi ń dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè níbí. Ẹ jẹ́ kí n là á kí ó yé wa: iye gbogbogbòò tí àwọn ìwé ìròyìn ń gbé kiri láti inú rẹ̀ pa ti ìjọba àti ti aládàáni pọ̀. Nítorí pé ti ìjọba ló kó bíi ìdá 90 nínú 100, ibi tí ti ìjọba bá forí lé ni àpapọ̀ náà ń forí lé.

Kí ni ìṣirò náà sọ, ní ṣókí?

Ó ní ọdún 2025 ni òkè téńté: bíi mílíọ̀nù 3.9 ọmọ. Láti ibẹ̀, iye náà yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wá sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 3.4 ní 2041. Ìdá 13 nínú 100 ti lọ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ 38 ni yóò ní ọmọ tó dín sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹkùn wo ló ń dín kù, èwo ló ń pọ̀ sí i?

Mẹ́rin ni ẹkùn náà. Ìwọ̀-Oòrùn yóò pàdánù bíi ìdá 20 nínú 100 láàárín 2025 sí 2041. Àríwá-Ìlà-Oòrùn, níbi tí New York, Pennsylvania àti Massachusetts wà, yóò pàdánù ìdá 17. Midwest, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yí àwọn adágún ńlá ká títí dé oko àgbàdo Iowa àti oko àlìkámà Kansas, yóò pàdánù ìdá 16.

Gúúsù nìkan ni yóò fi ìdá 3 lé sí i.

Ìpínlẹ̀ márùn-ún péré ló ru bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo àdánù náà: Illinois (ìdá 32), California (29), New York (27), Michigan (20) àti Pennsylvania (17). Ní òdìkejì, Tennessee yóò fi ìdá 15 lé sí i, South Carolina ìdá 14, Florida ìdá 12.

Kí ló fà á tí ọmọ fi dín kù?

Ìbí ló dín kù. Ní 2007, ọmọ mílíọ̀nù 4.3 ni wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ọdún kankan nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n bí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọdún 18 kún 2007, ẹ ó bá 2025. Lẹ́yìn 2007 ni ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, àwọn èèyàn pàdánù iṣẹ́ àti ilé, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní kí àwọn dúró ná. Ọrọ̀-ajé padà bọ̀ sípò, àmọ́ ìbí kò padà. Ní 2023, ọmọ tí wọ́n bí kò pé mílíọ̀nù 3.6.

Ohun tó fà á kò burú tán. Àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì pé 20 tó ń bímọ dín kù gidigidi: nínú 1,000 ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 19, ó lé ní 41 tó bímọ ní 2007, ní 2023, bíi 13 ni. Inú mi dùn sí ìyẹn. Èyí tó kù ni owó ilé, owó ìtọ́jú ọmọ, gbèsè ẹ̀kọ́, àti pé àwọn èèyàn ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.

Báwo ni wọ́n ṣe lè mọ iye ti 2041 láti ìsinsìnyí?

Wọ́n ti bí àwọn ọmọ náà. Ọmọ tí yóò gba ìwé-ẹ̀rí ní 2041, 2023 ni ìyá rẹ̀ bí i. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìbí, ó ṣeé ṣe kó máa sáré kiri inú pálọ̀ bí ẹ ṣe ń ka èyí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe ìṣirò yìí ní iṣẹ́ aríran.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é rọrùn. Ká ní ọmọ 1,000 ni wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n á ka iye tó wọ kíláàsì kìíní nílé-ìwé ìjọba: ká ní 920. Ìdá 92 nínú 100 nìyẹn. Wọ́n á wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tí wọ́n bí lọ́dún tó ṣáájú àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wo mélòó nínú àwọn tó wà ní kíláàsì kìíní lọ́dún yìí ló dé kejì lọ́dún tó ń bọ̀, mélòó ní kejì ló dé kẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé kejìlá. Ní ìparí, mélòó nínú àwọn tó wà ní kejìlá ló gba ìwé-ẹ̀rí. Ìdá wọ̀nyí, tí wọ́n ti pín dọ́gba lórí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ni wọ́n fi ń ṣírò fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ máa rí ohun kan tó ya àwọn òbí lẹ́nu bí mo bá fi ìwé ìsirò hàn wọ́n: kíláàsì kẹsàn-án máa ń wú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wà ní kẹjọ lọ. Kì í ṣe pé ọmọ tuntun dé. Ibẹ̀ ni àwọn tí kò yege ti máa ń tún kíláàsì ṣe, nítorí náà wọ́n ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún méjì. Ẹni tó bá wo kẹsàn-án nìkan tó ní "ọmọ ń pọ̀ sí i" ti ṣi ìṣirò ṣe.

Ìbí dín kù níbi gbogbo. Kí ló dé tí Gúúsù fi ń pọ̀ sí i?

Nítorí pé àwọn èèyàn ń kó lọ síbẹ̀, tọmọtọmọ. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ lè fi ìwé àti bírò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Àwọn tí wọ́n bí ní 2007 ló parí ní 2025. Àwọn tí wọ́n bí ní 2023 ni yóò parí ní 2041. Ẹ wo Illinois: ọmọ bíi 181,000 ni wọ́n bí níbẹ̀ ní 2007, bíi 125,000 ní 2023. Ìdá 31 ti lọ. Ìṣirò WICHE sì ní ìdá 32. California: bíi 566,000 ní 2007, bíi 400,000 ní 2023. Ìdá 29 ti lọ, ìdá 29 náà sì ni WICHE ní. Ní ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú yàrá ìgbẹ̀bí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ wá wo Tennessee. Ọmọ bíi 87,000 ni wọ́n bí ní 2007, bíi 83,000 ní 2023. Ìbí dín kù níbẹ̀ náà! Síbẹ̀ àwọn tó ń parí girama yóò fi ìdá 15 lé sí i. Florida náà, láti bíi 239,000 sí bíi 221,000, àmọ́ ìdá 12 ni yóò lé sí i. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Chicago, Queens ní New York, Los Angeles, Puẹ́tò Ríkò tàbí ilẹ̀ òkèèrè ló ń kún àyè náà. Àwọn òbí wọn tẹ̀lé iṣẹ́, owó ilé tó dínwó, àti owó-orí tó fúyẹ́.

New York ni òdìkejì èyí. Ìbí rẹ̀ dín kù ní bíi ìdá 20 láàárín ọdún méjèèjì, àmọ́ àwọn tó ń parí yóò dín kù ní ìdá 27. Àlàfo àárín 20 àti 27 yẹn, ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ tí wọn kò sì ní parí níbẹ̀ ni.

Ṣé gbogbo ìpínlẹ̀ Gúúsù ló ń pọ̀ sí i nígbà náà?

Rárá. Ìka ò dọ́gba. Gẹ́gẹ́ bí àjọ ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ṣe pín in, Gúúsù ní ìpínlẹ̀ 16 pẹ̀lú Washington DC, ó bẹ̀rẹ̀ láti Delaware àti Maryland, ó sì lọ títí dé Texas àti Oklahoma. West Virginia wà nínú rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ sì ń dín kù kíkankíkan: ibi ìwakùsà èédú ti ń kú, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń gbé Charleston ti West Virginia tó gbọ́ pé "Gúúsù ń pọ̀ sí i" kò ní rí i nílé-ìwé àdúgbò rẹ̀. Charleston ti South Carolina ló máa rí i.

Ìwọ̀-Oòrùn náà ní irú ìṣòro yìí. California nìkan ló ń bí ọmọ tó sún mọ́ ìdajì gbogbo ọmọ ẹkùn náà, nítorí náà ibi tó bá wó sí ni gbogbo ẹkùn ń wó sí. Ẹ má fi iye ẹkùn ṣe ìpinnu fún ìpínlẹ̀, ẹ má sì fi ti ìpínlẹ̀ ṣe ìpinnu fún káúńtì, ìyẹn àgbègbè kéékèèké inú ìpínlẹ̀. Àwọn ìgbèríko Texas kan ń ṣófo nígbà tí àyíká Dallas ń kọ́ girama tuntun.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni kí n wò, àbí iye orí?

Méjèèjì, àmọ́ iye orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdá tó ga jù nínú ìṣirò WICHE jẹ́ ti Washington DC, ìdá 31 ló fẹ́ lé sí i. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ni DC, àwọn tó ń parí níbẹ̀ lọ́dún kò ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ìdá 1 péré ní California ju gbogbo àfikún DC lọ.

Ìran wo ló ń dín kù jù?

Àwọn aláwọ̀ funfun yóò fi ìdá 26 dín kù láàárín 2025 sí 2041, àwa adúláwọ̀ ìdá 22. Àwọn ìran Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, yóò fi ìdá 16 pọ̀ sí i. Àwọn tí òbí wọn wá láti ìran méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fi ìdá 68 pọ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan nínú iye ti adúláwọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, lè wà lábẹ́ "ìran méjì" nínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Nítorí náà apá kan nínú ìdínkù yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àpótí tí òbí fi àmì sí. Mo ti jókòó ti ìyá kan nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀. Ó gbé bírò sókè, ó wo àwọn àpótí náà pẹ́, ó fi àmì sí méjì, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun ti fi ọmọ òun tọrẹ. Mo ní rárá, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi.

Tí iye tó ń parí bá dín kù, ṣé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi ni?

Rárá, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdá àwọn tó parí nílé-ìwé ìjọba láàárín ọdún mẹ́rin girama jẹ́ 79 nínú 100 ní 2010–11. Ó ti dé 87 ní 2021–22. Ìyẹn ni pé nínú àwọn tó wọlé, àwọn tó ń parí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wọlé ló ń dín kù.

Èmi ò sọ pé ìwé-ẹ̀rí pọ̀ ni pé ìmọ̀ pọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti yọ ìdánwò àṣejáde kúrò, ìyẹn sì lè mú kí ìdá náà dára lójú ìwé. Àmọ́ ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kòrónà ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló da nǹkan rú?

Ó fọwọ́ kàn án, kò pilẹ̀ rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba ní akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù 50.8 nígbà ìkórè 2019, ó sì já sí mílíọ̀nù 49.4 lọ́dún kan péré. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọ ti sọnù jù. Àwọn kan lọ sí aládàáni, àwọn kan kọ́ ọmọ nílé, àwọn kan kàn fi ọmọ sílẹ̀ di ọdún kejì. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ọdún yẹn ni yóò parí ní 2033.

Ohun tó ń já mi láyà ju iye lọ ni pípa ilé-ìwé jẹ. Ọmọ tó ń pa ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ ilé-ìwé jẹ ti pọ̀ gan-an láti ìgbà náà, kò sì tíì padà sí bó ṣe wà. Ìṣirò yìí kò lè rí ìyẹn tán, torí ọmọ náà ṣì wà nínú rẹ́jísítà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń dín kù?

Owó ló kọ́kọ́ ń lọ, torí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń ka orí ọmọ kí wọ́n tó sanwó. Èyí tó sì le jù ni pé ọmọ kì í lọ láti ojú kan. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-ìwé kan pàdánù ọmọ 26, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kejìlá. Méjì-méjì ni láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Owó ọmọ 26 ti lọ, owó tó lè san olùkọ́ ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ kò sí kíláàsì kan tí ẹ lè tì. Ẹ̀rọ amúlégbóná ṣì ń jó epo kan náà, bọ́ọ̀sì ṣì ń gba ọ̀nà kan náà.

Mo wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Midwest lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ti kó àga kékeré, àwọ̀ búlúù, jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn yàrá jẹ́lé-ó-sinmi, ó ga ju mí lọ. Yàrá kejì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti di ibi ìkẹ́rùsí, orúkọ àwọn ọmọ ìgbà kan ṣì wà lára ìkọ́ tí wọ́n ń fi báàgì kọ́. Àwọn tó jókòó sí àga yẹn tẹ́lẹ̀ wà ní girama báyìí. Girama náà ṣì kún, ọ̀gá rẹ̀ sì sọ fún mi pé òun ò rí ìdínkù kankan. Yóò rí i.

Tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn, títì ló kù. Chicago ti bíi 50 ilé-ìwé pa ní 2013, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ló sì kàn jù. Bí ìlú bá máa ti ilé-ìwé, kí wọ́n sọ fún òbí lọ́dún méjì ṣáájú. Ìṣirò yìí fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn yunifásítì ńkọ́?

Àríwá-Ìlà-Oòrùn àti Midwest ni ọ̀rọ̀ náà gbóná sí jù, torí ibẹ̀ ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké pọ̀ sí, tí owó ilé-ìwé nìkan ń gbé dúró. Ní 2022, Pennsylvania pa yunifásítì ìjọba mẹ́fà pọ̀ di méjì. Ní 2024, Cabrini ní Pennsylvania àti Saint Rose ní Albany, New York, ti ìlẹ̀kùn wọn pa.

Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi ru ìbí. Birmingham-Southern ní Alabama náà tì ní 2024, Gúúsù sì ni Alabama. Ìṣòro owó tó ti pẹ́ ló pa á. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ní 2012, ìdá 66 nínú àwọn tó parí girama ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ní 2022, ìdá 62 ni. Ọmọ ń dín kù, àwọn tó fẹ́ lọ nínú wọn náà ń dín kù.

Houston ni à ń gbé, ọmọ wa yóò parí ní 2030. Ṣé ìwọlé yóò rọrùn fún un?

Sí àwọn yunifásítì tí gbogbo èèyàn ń lé, rárá. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń rí ìwé ìbéèrè láti gbogbo ayé, ìdínkù ìdá 13 kò tó nǹkan lójú wọn. Nínú Texas fúnra rẹ̀, ọmọ kò ní dín kù kíá, nítorí náà ìdíje fún yunifásítì ìjọba tó lórúkọ níbẹ̀ yóò le síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ará wa ní Atlanta.

Ibi tí àǹfààní wà ni òkè, ní Midwest àti Àríwá-Ìlà-Oòrùn. Àwọn yunifásítì tó dára tí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ níbẹ̀ ń wá ọmọ lójú méjèèjì, wọ́n sì ń gé owó ilé-ìwé. Ojú àwọn èèyàn wa máa ń wà lára orúkọ ilé-ìwé mẹ́wàá. Ẹ gbójú kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ó ṣe mí láàánú pé òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe: ọmọ Illinois ń lọ sí Alabama, níbi tí ó lé ní ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Tuscaloosa ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá.

Nàìjíríà ni mo wà. Ṣé èyí kàn mí?

Ó kàn yín. Ní 2023/24, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà lé ní 20,000, a sì wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tó ń rán ọmọ lọ jù. Yunifásítì tí ọmọ ìlú rẹ̀ ń dín kù máa ń wo ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lè rí lẹ́tà ìgbàwọlé àti ẹ̀dínwó tó wọni lójú láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ti kìlọ̀ fún un nípa owó, bóyá ó ti ń pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ́, bóyá iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì nígbà tí ọmọ yín wà ní ọdún kejì, ọmọ ìlú á padà sílé, ọmọ yín á máa sáré wá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kí físà rẹ̀ má baà bàjẹ́. Òfin físà ń yí padà lemọ́lemọ́, ẹ béèrè ní ẹ́ńbásì.

Ìpínlẹ̀ wa ń fún òbí lówó láti gbé ọmọ lọ sí aládàáni. Ṣé ìyẹn ò ní da ìṣirò rú?

Yóò da ti ìjọba rú, kò ní da àpapọ̀ rú. Arizona ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní 2022, Florida ní 2023, Texas ṣe òfin tirẹ̀ ní 2025. Ọmọ tó gba owó yẹn tó bọ́ sí aládàáni kò kúrò ní ìpínlẹ̀, ó kàn bọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìjọba ni. Bí ẹ bá wá rí i ní ọdún mẹ́wàá sí i pé àwọn tó parí girama ìjọba ní Florida kò tó iye tí wọ́n ṣírò, ẹ má tíì sọ pé àwọn èèyàn ti sá. Ẹ kọ́kọ́ wo aládàáni. Bí òbí bá sì gba owó náà láti kọ́ ọmọ nílé, ọmọ náà ti kúrò nínú ìwé méjèèjì nìyẹn.

Tí Amẹ́ríkà bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì ńkọ́?

Ibí ni ìṣirò náà ti rọ jù. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ "àjèjì" sí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó dé Maryland ní kíláàsì kẹrin kò sí nínú iye ìbí Maryland. Ó kàn yọjú, ó sì mú kí ìdá tó bọ́ láti kẹta sí kẹrin ga. Ìdá yẹn ni wọ́n gbé lọ síwájú bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Bí àwọn tó ń wọlé bá dín kù, Gúúsù ni ìṣirò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ yẹ̀, torí òun ló gbójú lé ọmọ tí kò bí. Illinois kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí àjálù bá sì lé èèyàn kúrò nílé, irú rẹ̀ náà ló ń ṣe: lẹ́yìn ìjì Katrina ní oṣù Kẹjọ 2005, kíláàsì New Orleans ṣófo, ti Houston kún, kò sì sí ìdá ọdún tó kọjá kankan tó lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí ló dé tí iye NCES àti ti WICHE fi máa ń yàtọ̀?

Nítorí pé wọn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, wọn kò wọn ọdún àtẹ̀yìnwá bákan náà, wọ́n sì lè má pín ẹkùn bákan náà. North Dakota àti South Dakota jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ WICHE, ìyẹn àjọ Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ́ẹ̀ Midwest ni àjọ ìkànìyàn kà wọ́n sí. Ẹ wo àlàyé ẹkùn kí ẹ tó fi ìwé méjì wéra.

Ohun kan wà tó yẹ ká máa ṣọ́. Ní oṣù Kẹta 2025, wọ́n dá bíi ìdajì òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ dúró, NCES sì wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Ìsirò tí NCES ń kó jọ láti ìpínlẹ̀ ni WICHE náà ń lò. Bí orísun bá gbẹ, a ó máa ṣírò pẹ̀lú iye àtijọ́.

Ìgbà wo ni a ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ẹ ò ní láti dúró de 2041. Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń ka àwọn ọmọ wọn. Ẹ wá iye kíláàsì kìíní ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ fi wé iye tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ìdá náà bá ń lọ sókè láti ọdún dé ọdún, èèyàn ń wọlé. Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n ń lọ tàbí wọ́n ń bọ́ sí aládàáni. Àwọn tí wọ́n bí ní 2023 yóò wọ kíláàsì kìíní ní 2029. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ẹ lọ ka àga.